Ǹjẹ́ Ọ̀nà Tí A Ti Rìn Lè Ra Èyí Tí Ó Kù?



Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ bẹ bàbá arúgbó kan wò nínú ìjọ wa. Katikíìsì ni bàbá náà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, àìsàn sì ti dá a dúró sílé fún ìgbà pípẹ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere kan fara ti ògiri. Táyà rẹ̀ ti jẹrà, ìjókòó rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ni ó fi ń ká àwọn ìjọ kéékèèké inú abúlé, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù, tí ó sì ń ṣáájú àdúrà ní àwọn Ọjọ́ Ìsinmi tí Fadá kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí bá a sọ̀rọ̀ nípa ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti Òróró Mímọ́ ti àwọn aláìsàn, ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní, “Fadá, ogójì ọdún ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ yẹn nítorí Ọlọ́run, nínú òjò àti nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé èyí tí mo ti ṣe kò tíì tó ni?”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ti ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí ó sì rí i pé ó pé. Mo gbàdúrà fún un, mo sì padà sílé láìṣe ohun tí mo bá lọ. (Òun fúnra rẹ̀ ni ó fún mi láyè láti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ẹ má ṣe gbà pé mo ń tú àṣírí ẹnikẹ́ni.) Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè: ǹjẹ́ ọ̀nà tí ènìyàn ti rìn lè ra èyí tí ó kù fún un láti rìn? Bí mo sì ti ń rò ó, kẹ̀kẹ́ bàbá náà mú mi rántí àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan ní ilẹ̀ òkèèrè tí mo ti ka ìròyìn wọn, tí olúkúlùkù wọn ń dá gun kẹ̀kẹ́ la àárín àwọn òkè ńlá kọjá fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí wọn nígbà tí òpin ọ̀nà bá súnmọ́ ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀wò.

Ọ̀nà kan wà ní Amẹ́ríkà ti Àríwá tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Banff ní Kánádà, tí ó sì parí sí Antelope Wells, ní ẹnu ibodè tí ó wà láàrin ìpínlẹ̀ New Mexico àti ilẹ̀ Mẹ́síkò. Gígùn rẹ̀ ju 4,300 kìlómítà lọ. Ó ń tẹ̀lé ẹ̀yìn àwọn Òkè Rocky, níbi tí omi òjò ti ń pín yà, tí apá kan ń ṣàn lọ sí ìhà òkun Pàsífíìkì, tí apá kejì sì ń ṣàn lọ sí ìhà Àtìláńtíìkì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ọ̀dà. Erùpẹ̀ àti òkúta wẹẹrẹ ni. Ibi tí ó ga jù lọ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Indiana Pass, ga tó nǹkan bí 3,630 mítà. Chappal Waddi, òkè tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè tiwa, jẹ́ 2,419 mítà. Ẹ ó ti mọ irú òkè tí à ń sọ. Láti ọdún 2008 ni àwọn ènìyàn ti ń pàdé ní Banff ní oṣù kẹfà láti díje ní ọ̀nà yìí. Tour Divide ni wọ́n ń pe ìdíje náà. Kò sí ẹ̀bùn owó fún ẹni tí ó bá ṣáájú.

Òfin ìdíje náà le. Olúkúlùkù ni yóò gbé àgọ́ rẹ̀, àpò ìsùn rẹ̀, oúnjẹ àti irinṣẹ́ rẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ dúró dè é pẹ̀lú ọbẹ̀ gbígbóná ní ìkòríta. Ó lè ra oúnjẹ ní ọjà tí gbogbo ènìyàn ti ń rà, ó lè sùn ní ilé èrò, ṣùgbọ́n ohun tí kò bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà, kò gbọdọ̀ gbà á. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá rò pé ìdánìkan-rìn yìí kò ní alábàárìn yóò ṣìnà. Ní abúlé kékeré kan ní New Mexico tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pie Town, ilé kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún arìnrìn-àjò, ìbáà ṣe ẹlẹ́sẹ̀ tàbí oníkẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó dé níbẹ̀ lóru yóò wọlé, yóò sùn.

Ẹ wá wo oníkẹ̀kẹ́ náà nígbà tí ó kù ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó dé. Ó ti gun òkè débi tí kò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti kú, nítorí pé ọjọ́ pípẹ́ ni ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ara lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́; àtidi bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀ ti di iṣẹ́. Bíréèkì rẹ̀ ti jẹ. Oorun ń kùn ún ní ọ̀sán gangan. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ń wọ inú ọkàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ dídùn tí ó kún fún ewu: Ó kù díẹ̀. Nítorí pé ó kù díẹ̀, kò yẹ táyà wò ní òwúrọ̀. Nítorí pé ó kù díẹ̀, kò rọ omi kún ìgò rẹ̀ nígbà tí ó kọjá lẹ́bàá odò. Nítorí pé ó kù díẹ̀, ó dẹ ọwọ́ lórí bíréèkì ní ìsọ̀kalẹ̀ òkè tí ó kẹ́yìn, ó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa sáré bí ó ti wù ú. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rí ní ilẹ̀ olókè, ìbáà ṣe ní Èkìtì tiwa níhìn-ín, mọ̀ pé gígòkè a máa dá ni lágara, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ni ó ń pani.

Òkè kò mọ̀ ọ́n, ọ̀nà kò mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ alámọ̀ ní New Mexico, amọ̀ náà a lẹ̀ mọ́ táyà bí iyán, títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́, tí ènìyàn kò sì ní lè tì í. Ẹni tí ó ti gun 4,000 kìlómítà yóò dúró níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun kìlómítà mẹ́rin yóò ti dúró. Amọ̀ kì í bi ènìyàn léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀.

Mo gbà pé ọ̀nà tí ó wà lẹ́yìn ti fún un ní nǹkan. Ó fún itan rẹ̀ ní agbára, ó fún ojú rẹ̀ ní ọgbọ́n àtimọ ibi tí òkúta ti ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ti gba oorun rẹ̀, ó ti gba ẹran ara rẹ̀, ó ti jẹ bíréèkì rẹ̀ tán. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ó fi fún un, ọwọ́ òsì ni ó fi gbà á padà. Bí a bá ní kí ó wá ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò, n kò mọ̀ bí ó bá jẹ́ pé èrè ni yóò kù sí i lọ́wọ́ tàbí gbèsè.

Ní ọdún 2016, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mike Hall gun ọ̀nà Banff sí Antelope Wells yìí ní ọjọ́ 13, wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú 51. Kò sí ẹni tí ó ti yára tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje náà ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ó wà nínú ìdíje mìíràn ní ilẹ̀ Ọsirélíà, láti Fremantle ní etí òkun kan dé Sydney ní etí òkun kejì, ìrìn tí ó tó nǹkan bí 5,500 kìlómítà. Ó ti la aginjù kọjá, ó ti gun àwọn òkè tí ó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà níwájú rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ 31 oṣù náà, lẹ́bàá Canberra, ọkọ̀ kọlù ú, ó sì kú sí ojú ọ̀nà. Ẹni ọdún 35 ni. Àwọn tí ó ṣètò ìdíje náà fòpin sí i ní ọjọ́ yẹn gan-an, Kristof Allegaert, ará Bẹ́ljíọ̀mù tí ó wà níwájú, sì dúró. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn tí ó wà lẹ́yìn tún gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ sí Sydney. Kò sí ipò kìn-ín-ní mọ́, kò sí ìkejì. Gbogbo ohun tí wọ́n lè fi ìrìn wọn rà ti parẹ́ ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀nà nìkan ni ó kù, wọ́n sì gùn ún nítorí òkú ọ̀rẹ́ wọn. Mo ti ronú sí èyí ju ohun gbogbo mìíràn lọ nínú ìtàn náà.

Ǹjẹ́ a ó ha wí pé ọkùnrin náà kùnà nítorí pé kò dé? Bí a bá wí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀ nípa Mósè. Ogójì ọdún ni ó fi kó àwọn ènìyàn kan rìn nínú aginjù, àwọn ènìyàn tí ń kùn sí i nítorí omi, tí ń kùn sí i nítorí ẹran, tí ń ṣàárò àlùbọ́sà Íjíbítì. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí a ti rìn lè ra èyí tí ó kù, ta ni ì bá tún ní owó lọ́wọ́ ju Mósè lọ? Síbẹ̀ ó gun òkè Nébò, Ọlọ́run fi gbogbo ilẹ̀ náà hàn án láti òkèèrè, ó sì kú sí ìhà ìhín odò Jọ́dánì. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, orí yìí nínú Ìwé Mímọ́ máa ń bí mi nínú. Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mo rò pé a rẹ́ Mósè jẹ.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó kíyèsí ibi tí a tún ti rí Mósè. Olúwa wa mú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù lọ sí orí òkè, ojú Rẹ̀ sì ń tàn bí oòrùn, Mósè àti Èlíjà sì dúró tì í, wọ́n ń bá A sọ̀rọ̀. Òkè Tábórì ni àwọn Bàbá Ìjọ láti ìgbà àtijọ́ sọ pé ó jẹ́, ìhà ọ̀hún odò Jọ́dánì sì ni Tábórì wà, nínú ilẹ̀ ìlérí. Ẹsẹ̀ tí a dá dúró ní Nébò tẹ ilẹ̀ náà nígbẹ̀yìn. Ẹni tí ó mú un dé ibẹ̀ ni ó dúró tì í lórí òkè yẹn. Ogójì ọdún rẹ̀ kọ́. Pétérù Mímọ́, bí a ti mọ̀ ọ́n, fẹ́ pa àgọ́ mẹ́ta síbẹ̀ kí ìrìn-àjò lè parí síbẹ̀ kíákíá; àwọn àgbà wa sì ti wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ohun tí Ìjọ Mímọ́ fi kọ́ wa nìyí láti ìgbà láéláé. Ágọ́stínì Mímọ́, ní ọdún díẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 430, kọ ìwé odidi kan láti fi hàn pé ìforítì dé òpin, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ìgbìmọ̀ Ńlá ti Trento sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1547 pé kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú pátápátá wí pé òun ti ní ẹ̀bùn ńlá yìí lọ́wọ́, àyàfi bí Ọlọ́run bá fi hàn án ní àkànṣe. Ó sì tún kọ́ wa, ní ìsinmi kan náà, pé kí gbogbo wa gbé ìrètí wa tí ó lágbára jù lọ lé ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run. Nítorí náà ni a fi ń bẹ Ìyá Olúwa nínú àdúrà tí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀, pé kí ó gbàdúrà fún wa ní ìgbà méjì: ìsinsìnyí, àti wákàtí ikú wa. Ẹni tí ó ti ra wákàtí kejì kò ní máa tọrọ rẹ̀ ní àádọ́ta ìgbà nínú Rósárì kan.

Ilé àdúrà kékeré kan wà lórí òkè ní Ítálì, lẹ́bàá adágún Como, tí a yà sọ́tọ̀ fún Ìyá Olúwa, tí wọ́n ń pè ní Madonna del Ghisallo. Póòpù Pius XII fi í ṣe alágbàwí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní ọdún 1949. Wọ́n gbé ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ kọ́ sára ògiri rẹ̀, ti àwọn tí ó borí nínú ìdíje ńláńlá. Ọ̀kan wà láàrin wọn tí ó ti tẹ̀: ti Fabio Casartelli, ọmọ agbègbè náà, ẹni tí ó gba àmì ẹ̀yẹ góòlù ní Òlíńpíìkì ọdún 1992, tí ó sì ṣubú tí ó kú ní ìsọ̀kalẹ̀ òkè kan ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1995, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 24. Kẹ̀kẹ́ àwọn tí ó dé àti kẹ̀kẹ́ ẹni tí kò dé, abẹ́ òrùlé Ìyá kan náà ni wọ́n wà.

Ẹnì kan lè wí fún mi pé, “Fadá, bí ó bá rí báyìí, kí ni mo ń ṣe làálàá fún? Jẹ́ kí n jókòó, kí n máa retí ẹ̀bùn.” Rárá o. Ẹni tí kò bá tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní rí Antelope Wells láé, oore-ọ̀fẹ́ kì í sì í gun kẹ̀kẹ́ fún ẹni tí ó sùn. Ìjọ kò kọ́ wa pé iṣẹ́ rere kò ní èrè. Ó ní èrè, èrè púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn tí a gbà síṣẹ́ ní òwúrọ̀ nínú ọgbà àjàrà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa, oòrùn pa wọ́n ní tòótọ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò ni ojú wọn korò. Olè rere tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ Olúwa wa kò ní ohun kan tí yóò ṣírò, ó tọrọ ni.

Èmi rò pé ọ̀nà gígùn a máa kọ́ ènìyàn bí a ti í gba nǹkan. Oníkẹ̀kẹ́ tí ó kúrò ní Banff ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní gbà pé ohun gbogbo ni òun gbé dání. Nígbà tí yóò fi dé New Mexico, ó ti gba omi lọ́wọ́ àlejò, ó ti sùn ní ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ti ràn án lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan, ó sì ti ṣe é níkà ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó ti gba omi lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí ní ogún ìgbà, ojú kì í tì í láti nawọ́ ní ìgbà kọkànlélógún.

Ará mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nínú ilé wa. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kì í ránṣẹ́ pe àlùfáà títí èémí aláìsàn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé bí Fadá bá wọlé, ikú ti wọlé nìyẹn. Àwọn mìíràn, bí bàbá mi yìí, rò pé ẹni tí ó ti sin Ọlọ́run pẹ́ kò tún nílò nǹkan kan. Ẹ wo orúkọ tí Ìjọ fún Ara Olúwa nígbà tí a bá fi fún ẹni tí ń kú lọ: Viaticum. Ní èdè Látìnì àtijọ́, ohun tí arìnrìn-àjò ń mú dání fún ọ̀nà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, owó àti oúnjẹ. A kì í fún ẹni tí ó ti délé. Ẹni tí ó ṣì wà lójú ọ̀nà ni a ń fún, kí ó sì tó di pé ẹnu rẹ̀ kò lè gbà á mọ́.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ bàbá katikíìsì náà, mo sì sọ ìtàn àwọn oníkẹ̀kẹ́ wọ̀nyí fún un. Ọ̀rọ̀ amọ̀ ni ó dùn mọ́ ọn jù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó ní òun mọ amọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà oko kan, pé òun a máa fi igi ha á kúrò lára táyà. Mo bi í pé, “Bàbá, nígbà tí ẹ bá dé abúlé pẹ̀lú amọ̀ yẹn lára, ta ní ń fún yín ní omi?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìyá èyí, ìyawó tọ̀hún, obìnrin kan tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Ìjọ tí ó máa ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná dè é. Ó dárúkọ wọn pẹ́, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Nígbà tí ó ṣe, ó ní, “Fadá, ibodè tí ẹ sọ pé ọ̀nà náà parí sí, irú ibẹ̀ wo ni?” Mo sọ fún un pé nǹkan bí 70 kìlómítà tí ó kẹ́yìn tẹ́jú, ó sì lọ tààrà nínú aṣálẹ̀; pé kò sí ìlú níbẹ̀, bí kò ṣe ilé aṣọ́bodè àti ẹnu-ọ̀nà.

“Ta ní ń dúró dè wọ́n níbẹ̀?”

“Bàbá, nígbà mìíràn kò sí ẹnì kan.”

Ó mi orí. Ó wo ìhà ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ó ní kí ọmọ rẹ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ wa bọ́ síta díẹ̀, ó ní kí èmi gbé àga mi súnmọ́ ibùsùn, ó sì fi ọwọ́ ya àmì àgbélébùú sára.